Ẹ̀rín Lójú, Ẹkún Nínú

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìpàdé náà ká. Ọ̀rọ̀ bàbá kan ni, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ẹni tí a kò ní dárúkọ níhìn-ín. Òun ni apanilẹ́rìn-ín wa. Bí a bá ń kó ọmọ jáde, òun ni à ń pè kí ó wá darí ètò. Bí a bá ń gbé ìyàwó, òun náà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìkómọjáde kan, bàbá yìí gba ìpè lórí fóònù pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Libreville ti kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ará ilé rẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó wá síbi ìkómọjáde náà ní àkókò tí a dá fún un, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn mìíràn nínú wa. Ọjọ́ kẹta ni a tó gbọ́.

Àwọn kan ní ọkàn bàbá náà ti yigbì jù: baba wo ni yóò gbọ́ ikú ọmọ tí yóò tún lè dá àpárá? Àwọn mìíràn ní akọni ni, pé kò fẹ́ kí ẹkún tirẹ̀ ba ọjọ́ ayọ̀ ìyá ọmọ tuntun jẹ́. Ọ̀kan nínú wa tún sọ gbólóhùn kan tí ó dun gbogbo ilé. Ó ní bàbá náà purọ́ fún wa. Ó ní kò fi ẹnu purọ́, ojú ni ó fi pa á. Nígbà náà ni àgbà kan rán wa létí pé àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lójú lóòótọ́, tí ènìyàn sì fi ẹ̀rín bo ojú náà, níbo ni ọ̀rọ̀ wọlé sí? Àgbà mìíràn sì dá a lóhùn pé àwọn baba kan náà ni wọ́n ní ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Òwe méjèèjì jẹ́ tiwa. A kò lè sọ ọ̀kan nù nítorí èkejì, a kò sì rí bí a ó ti so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ náà.

Ibi tí ariwo pọ̀ dé nìyí, tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yọ fóònù rẹ̀ jáde, tí ó sì fi àwòrán kan hàn wá. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn gbé fóònù náà káàkiri láti ọwọ́ dé ọwọ́, ilé sì pa rọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán náà ni ó mú wa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Jan Matejko ni ó yà á, ọmọ ìlú Kraków ní ilẹ̀ Pólándì. Ọdún 1862 ni ó yà á, nígbà tí kò tíì pé ẹni ọdún 25. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àpapọ̀ ti orílẹ̀-èdè náà ní Warsaw ni ó wà lónìí. Stańczyk ni a ń pè é, èyí sì jẹ́ orúkọ aláwàdà kan tí ó sin àwọn ọba Pólándì láàfin ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọkùnrin kan ni a rí tí ó jókòó lórí àga. Aṣọ pupa ni ó wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ iṣẹ́ aláwàdà. Ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú ara rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó kù tí ó lè fi wọ́n ṣe. Ojú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kọ́ ni ó ń rí. Ọ̀pá àwàdà rẹ̀, tí í máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìlù ti í wà lọ́wọ́ onílù, ti bọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì. Lójú fèrèsé, òru ni, ìràwọ̀ onírù kan sì ń kọjá lójú ọ̀run, èyí tí àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ máa ń kà sí àmì ibi. Ní apá kejì ni ilẹ̀kùn ti ṣí sí gbọ̀ngàn: iná ń tàn níbẹ̀, aṣọ ń dán, àwọn ènìyàn ńlá ń jó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wo ẹ̀yìn.

Orúkọ àwòrán náà ní kíkún sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn ti dé pé ìlú Smolensk ti bọ́ lọ́wọ́ ọba, Moscow ti gbà á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ààfin sì wà nínú ijó Ayaba Bona. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò rí i pé ọdún kò bára mu: ọdún 1514 ni Smolensk bọ́, ọdún 1518 ni Bona tó wá di aya ọba Pólándì. A kò bá Matejko jà nítorí èyí. Nígbà tí ó ń ya àwòrán náà, kò sí orílẹ̀-èdè kankan mọ́ tí ń jẹ́ Pólándì. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria ti pín in láàárín ara wọn. Ìbànújẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń yà, ó kàn wá ẹ̀wù àtijọ́ wọ̀ fún un ni. Ojú tí ó fún aláwàdà náà, ojú ara rẹ̀ ni.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé kò sí ènìyàn burúkú kan nínú àwòrán yìí. Àwọn tí ń jó kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ìlù dún, wọ́n jó. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí aláwàdà má sunkún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ayọ̀ wọ inú yàrá, kò sì sí ibi kankan tí a ti yan ẹnìkan pé kí ó máa gbé ayọ̀ lọ fún aláwàdà. Wọ́n ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ìwà rẹ̀. Bí kò bá sí nínú gbọ̀ngàn, wọn yóò rò pé ó lọ mu omi. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàbá wa. Kò sí ìgbà kan tí a jókòó tí a sì fi í jẹ oyè ẹni tí kì í banú jẹ́, ṣùgbọ́n ọdún gorí ọdún, oyè náà ti dé e lórí, kò sì sí bí ó ti lè bọ́ ọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí à ń wo àwòrán náà, gbogbo wa káàánú Stańczyk. Ó rọrùn láti káàánú rẹ̀. Ayàwòrán ti ṣe ohun kan fún wa tí ayé kì í ṣe: ó ya yàrá méjì sórí aṣọ kan ṣoṣo, ó sì fi àwa sí yàrá tí àwọn oníjó kò sí. Láti ibi tí ó fi wá sí, òǹwòran kankan kò lè ṣàìrí ìbànújẹ́ ọkùnrin náà. Òun ni ó sún mọ́ wa jù, ara rẹ̀ ni iná mọ́lẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró níwájú àwòrán yìí yóò rò pé ojú òun mú. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìkómọjáde náà, gbọ̀ngàn ijó ni àwa wà. Ọ̀kan nínú wa wá rántí lẹ́yìn náà pé abọ́ iyán bàbá náà wà níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, a kò ṣí i. A ti rí abọ́ náà. A rò pé ó ti jẹun kí ó tó wá.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibi yìí bọ́ sí àṣìṣe kejì, èyí tí ó jẹ́ pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹkún sí ojú gbogbo ẹni tí ó bá ń rẹ́rìn-ín. Àwòrán mìíràn wà tí ó lè kọ́ wa ní sùúrù lórí èyí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò sì ti rí i nínú ìwé Faransé wọn. Pierrot ni, tí wọ́n ń pè ní Gilles tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Antoine Watteau, ọmọ ìlú Valenciennes. Ní nǹkan bí ọdún 1718 sí 1719 ni ó yà á. Dókítà kan tí ń jẹ́ Louis La Caze ni ó fi í sílẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Párísì ní ọdún 1869. Pierrot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá inú eré àwọn ará Ítálì, eré tí àwọn ará Párísì fẹ́ràn gidigidi nígbà náà. Òun ni agọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń tàn jẹ, tí gbogbo ènìyàn sì fi ń ṣe ẹ̀sín. Arlequin a máa wọ ìbòjú dúdú. Pierrot kì í wọ ìbòjú.

Watteau gbé e dúró gbọnrangandan síwájú wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn gan-an ní gíga. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ kò balẹ̀ tó, apá rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sílẹ̀ bí ti ọmọ tí olùkọ́ pè síwájú kíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀, a rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú eré: ọkùnrin kan lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, àti àwọn mẹ́ta mìíràn tí ọwọ́ wọn dí. Kò sí èyí tí ó ń wò ó nínú wọn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà ń fi ojú kan wo àwa tí à ń wòran, a sì ti gbọ́ tí ẹnìkan ní òun nìkan ni ó ní làákàyè nínú wọn.

Ṣé inú Pierrot bàjẹ́? Gbogbo ayé ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un pé Watteau, tí kò ní ìlera, tí ó sì kú ní ọdún 1721 ní ẹni ọdún 36, ojú ìbànújẹ́ ara rẹ̀ ni ó yà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ojú náà dáadáa, kò sí ẹkún níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀rín gidi. Ojú ẹni tí ó dúró ni. Àwọn tí ó mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà sọ pé ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìbànújẹ́ Pierrot di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn tí òṣèré kan tí ń jẹ́ Deburau ti fi Pierrot tirẹ̀, tí ó kun ojú ní funfun tí kò sì ń sọ̀rọ̀, mú orí àwọn ará Párísì wú. Àwọn tí wọ́n ti rí Deburau ni wọ́n padà wá wo Watteau, tí wọ́n sì rí ohun tí wọ́n gbé lọ́wọ́ wá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n rí òtítọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkùnrin náà ń dúró de ìgbà tí wọn yóò pè é wọlé eré ni. Ìwọ tí o ń wò ó kò lè mọ̀ láti ojú nìkan. O ní láti béèrè, àwòrán kì í sì í dáhùn. Ènìyàn ni ó lè dáhùn, èyí sì ni ó mú kí àìbéèrè wa burú ju ti òǹwòran lọ.

A ó kọjá kíákíá lórí ẹni kẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà síta jù. Georges Rouault, tí a bí ní Párísì ní ọdún 1871, ya apanilẹ́rìn-ín púpọ̀ ju bí a ti lè kà lọ. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ sí òǹkọ̀wé Édouard Schuré, ó ròyìn bí òun ṣe rí apanilẹ́rìn-ín arúgbó kan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, tí ó ń fi abẹ́rẹ́ tún aṣọ rẹ̀ tí ń dán ṣe. Ó ní ọjọ́ náà ni ó yé òun pé ọkùnrin náà ni òun, pé òun sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wa. Nínú àwòrán 58 tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1948 lábẹ́ orúkọ Miserere, ìkẹjọ jẹ́ ojú apanilẹ́rìn-ín kan ṣoṣo, àkọlé rẹ̀ sì ni ìbéèrè: Qui ne se grime pas? Ta ni kì í kun ojú rẹ̀?

Ìbéèrè náà dára, a sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bi í. Síbẹ̀ a kò fẹ́ dúró síbẹ̀. Bí a bá ti wí pé gbogbo ènìyàn ni ó ń kun ojú, ẹ̀bi ti tán lọ́rùn gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣí abọ́ iyán ẹnìkan wò mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìbòjú ni ó jọra. Lórí èyí, àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu, ọmọ Sábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ ní ohun tí a lè sọ tí Rouault kò ní.

Àwa náà ń kun ojú, igi ni a sì ń kùn. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ ojú tí a gbẹ́ tí a sì fi ọ̀dà kùn. Orí ni a ń gbé e lé. Aṣọ ni ó bo ojú ẹni tí ó rù ú, láti inú aṣọ náà ni ó sì ti ń ríran. Ojú ère náà tutù, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Lókè orí rẹ̀ ni ìran wà: ejò àti ẹyẹ, obìnrin tí ó ru igbá, alùpùpù pàápàá. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, kí ọjọ́ ijó tó mọ́, ẹni tí ó wọ ẹ̀kú yóò dúró láàárín ọjà, yóò sì fi àwàdà àti orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ lójú ọ̀sán: ìwà ìjòyè tí ó jẹ owó ìlú, ìwà ọkọ tí ń lu aya, ẹ̀dùn ọkàn àwọn tí a fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ìyá wa ni a ń fi gbogbo rẹ̀ tù lójú. Ìtumọ̀ ẹ̀fẹ̀ kò ju àwàdà lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwàdà náà rù. Stańczyk ì bá yé àwọn ará Kétu kíákíá, nítorí pé ìtàn sọ pé òun náà a máa fi àpárá sọ òótọ́ fún ọba. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé, inú wa dùn, àmọ́ ìgbà náà kọ́ ni a tó mọ̀ pé ohun ńlá ni.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí ni èyí. Nípa egúngún, èèwọ̀ ni kí a wí pé ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ará ọ̀run ni; ẹni tí ó bá sọ ohun mìíràn ní gbangba yóò rí ìjà àwọn ọlọ́jẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú mọ ọmọ ẹni tí ó ru ère náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ijó rẹ̀, ìyá rẹ̀ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì ti rẹ̀ ẹ́ wọn yóò bu omi fún un. Ère náà kò pa ènìyàn inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀wà ìran náà wà nínú pé a ń wo ojú méjì pa pọ̀, èyí tí a kùn àti èyí tí a mọ̀ pé ó wà lábẹ́ aṣọ. Wọ́n ní ojú tí ó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé òpin ìran ṣì lè rí ènìyàn.

Nítorí náà, bí a bá bi wá léèrè bí bàbá wa ṣe purọ́, a ó ní kò purọ́. Òpùrọ́ a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń purọ́ fún. Bàbá yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ó fún ìyá ọmọ kan ní ọjọ́ tirẹ̀ ní pípé. Ẹ̀rín tí ó rín ní ọjọ́ náà, ìrọ́jú ni. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà: nígbà tí à ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé ó kú ìrọ́jú, ojú wà nínú ohun tí à ń sọ. Àwọn baba wa mọ̀ pé ojú ni ìyà ti kọ́kọ́ ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Èdè Faransé náà mọ̀ ọ́n, nítorí pé faire bonne figure kò jìnnà sí i. Àṣìṣe náà wà lọ́dọ̀ wa. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá náà gbé lé orí. Àwa ni a sọ ọ́ di egúngún. A ti fi í ṣe èèwọ̀ láàárín ara wa láti rò pé ènìyàn wà nínú ẹ̀rín náà.

Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? A kò rò pé ọkàn wa le ju ti àwọn tí ó ṣáájú wa lọ. Ohun kan ti kúrú láàárín wa ni, ìkíni. Ní àtijọ́, bí àlejò bá wọlé, a ó kọ́kọ́ fún un ní omi, a ó sì béèrè pé ṣé àlàáfíà ni. Yóò dáhùn pé àlàáfíà ni, àní bí ó bá jẹ́ pé òkú ni ó wá túfọ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé àlàáfíà àkọ́kọ́ náà jẹ́ ojú tí a kùn, nítorí pé ìbéèrè kò tíì tán. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí tí ó rìnrìn àjò ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Oko ńkọ́? Ibi kan wà nínú ọ̀wọ́ ìbéèrè yìí tí ohùn ẹni tí nǹkan ń ṣe yóò ti yí padà. Bí kò bá sì fẹ́ kí ó yí padà lónìí, ó lè gba orí rẹ̀ kọjá, kò sí ẹni tí yóò fi ipá mú un. Ìkíni gígùn náà fi ẹ̀rín sílẹ̀ fún ẹni tí ó nílò ẹ̀rín, ó sì tún ṣí ilẹ̀kùn márùn-ún, mẹ́fà, fún un bí ó bá fẹ́ jáde.

Lónìí, ní Kútọnu, a lè wà lórí zémidjan kí a rí ẹni tí a kò rí láti ọdún kan, a ó ní: Ça va? Yóò ní: Ça va. Iná ọ̀nà yóò yí padà, oníkálukú yóò sì lọ. A kò dá èdè Faransé lẹ́bi. Òun ni a fi kọ ìdajì ìwé ìròyìn yìí, àwọn tí ó ni ín sì ní ọ̀nà tiwọn láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn bí wọ́n bá fẹ́. Àlàáfíà ni àkọ́kọ́ nìkan ni àwa tú sí Faransé, a sì fi ìyókù sílẹ̀ ní abúlé. Àwọn ọmọ wa tí ń kàwé ní Yúróòpù ń fi fọ́tò ẹ̀rín ránṣẹ́ sílé lójoojúmọ́. Ìyá ń wo fọ́tò náà, ó ń dúpẹ́, kò sì mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e lórí fóònù.

Ó kù kí a sọ bí a ṣe gbọ́ ikú ọmọ bàbá náà. Kì í ṣe ẹnì kankan nínú àwa tí à ń jiyàn ni ó gbọ́ ọ. Ìyá àgbà kan ni, aya agbo ilé kejì, ẹni tí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà níbi ìkómọjáde. Òun ni ó rí abọ́ iyán náà, tí kò sì rò pé ó ti jẹun kí ó tó wá. Kò sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta, ní ìrọ̀lẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì lọ kí i nílé. Bàbá náà rí i, ó bẹ̀rẹ̀ àwàdà láti ẹnu ọ̀nà: ó ní ṣé ìyá ti wá gba owó orí tí òun jẹ ẹ́ ni? Ìyá rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ó gba omi, ó mu ún tán.

“Ọkọ mi, ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?”

“Àlàáfíà ni, ìyá.”

“Ilé ńkọ́?”

“Ilé wà.”

“Àwọn ti Kútọnu ńkọ́?”

“Wọ́n wà, wọ́n ní kí n kí yín.”

“Èyí tí ó wà ní Ìpóbẹ̀ ńkọ́?”

“Ó wà. Ó ń sanra sí i ni.”

“Ti Libreville ńkọ́?”

Bàbá náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ìyá dúró. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun kò mọ iye ìgbà tí àwọn fi jókòó bẹ́ẹ̀, pé ilẹ̀ ṣú bá àwọn níbẹ̀, òun kò sì tíì béèrè oko.